Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Ń Gbá Mọ́ Ìránṣẹ́ Ọba Lójú ní Westminster

Bí àwọn tó fẹ́ràn àṣà Ìlú Ọba bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, tíì ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò bọ́ sórí ìgbéyàwó àwọn ọmọ ọba. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní kí n fi ohun kan ṣoṣo han òun tí òun yóò fi mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, ayẹyẹ tí wọ́n fi ń ṣí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ni n óò ní kó wò. Ẹni tó bá wo aṣọ pupa, ẹṣin àti adé nìkan yóò rò pé wọ́n kàn ń bọlá fún Ọba ni. Èmi gbà pé ìjà àtijọ́ kan ni wọ́n ń tún jà lójú ayé, ìjà tí wọ́n ti parí tipẹ́, tí kò sì sí ìhà kankan nínú wọn tó fẹ́ kí èkejì gbàgbé bó ṣe parí.

Ìgbà tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é. Kò ní ọjọ́ kan pàtó lórí kàlẹ́ńdà: ti ọdún 2023 bọ́ sí ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá, ti ọdún 2024 sì bọ́ sí ọjọ́ 17 oṣù Keje, nítorí pé ìbò gbogboogbò ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Níbi ayẹyẹ yìí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó para pọ̀ di ìgbìmọ̀ náà, ìyẹn Ọba, ilé àwọn Lọ́ọ̀dù àti ilé àwọn aṣojú aráàlú tí wọ́n ń pè ní Commons, ti máa ń pàdé lójú kan náà.

Kí Ọba tó kúrò láàfin rárá, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Yeomen of the Guard yóò ti wọ aṣọ pupa wọn, wọn yóò gbé àtùpà dání, wọn yóò sì máa yẹ àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ wò ní ààfin Westminster, níbi tí ilé ìgbìmọ̀ náà wà. Àwọn ọlọ́pàá òde òní, pẹ̀lú ajá tó ń gbóòórùn àdó olóró, máa ń yẹ ibẹ̀ wò lọ́tọ̀, n kò sì rò pé ohun kan wà tí àtùpà lè rí tí ajá kò ní rí. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ kẹrin mọ́jú ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá ọdún 1605, àgbá ẹ̀tù 36 ni wọ́n bá lábẹ́ ilé náà, Guy Fawkes ló sì ń ṣọ́ wọn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Robert Catesby jẹ́ olórí fún, ń bínú sí bí ìjọba ṣe ń fìyà jẹ àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì, wọ́n sì ti gbèrò láti fi ẹ̀tù náà pa Ọba James Kìíní àti gbogbo ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ ìṣíde gan-an. Bí wọ́n ṣe ń gbé àtùpà wọ abẹ́ ilẹ̀ lónìí, kì í ṣe pé wọ́n ń retí ẹ̀tù. Wọ́n kàn kọ̀ láti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrò nílẹ̀ ni.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín jù. Bí Ọba bá ti ń bọ̀ ní Westminster, wọn yóò fi aṣòfin kan dógò sí ààfin Buckingham. Ẹni tó bá di oyè Vice-Chamberlain of the Household mú nínú àwọn aṣojú tó wà lẹ́gbẹ́ ìjọba ló sábà máa ń bọ́ sí lọ́wọ́. Bí Ọba bá padà délé ní àlàáfíà, wọn yóò dá a sílẹ̀. Kó tó dìgbà náà, wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Àgbàlagbà tó ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ya ẹni tó ti rí ọdún Ọbàtálá ní Ẹdẹ lẹ́nu, níbi tí àwòrò méjì, Ajagẹmọ àti Olúnwí, ti ń ja ìjà tí gbogbo èrò ti mọ ibi tí yóò já sí, tí wọ́n á mú Ajagẹmọ nígbèkùn, tí Tìmì, ọba Ẹdẹ, yóò sì rà á padà.

Adé pàápàá ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin tirẹ̀, ó sì máa ń ṣáájú Ọba dé ibẹ̀. Ọdún 1937 ni wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń lò yìí, nígbà tí Ọba George Kẹfà fẹ́ gorí oyè. Dáyámọ́ńdì orí rẹ̀ lé ní 2,800, ó sì wúwo ju kílò kan lọ díẹ̀. Queen Elizabeth Kejì sọ fún BBC lọ́dún 2018 pé ẹni tó bá dé e kò gbọdọ̀ tẹrí ba ka ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé, pé ìwé ni yóò gbé sókè, torí pé bó bá tẹrí ba, ọrùn lè ṣẹ́ tàbí kí adé já bọ́. Dáyámọ́ńdì ńlá tó wà níwájú adé náà, Cullinan Kejì, ara òkúta kan tí wọ́n wà jáde nílẹ̀ Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 1905 ni wọ́n ti gé e. Ìjọba Transvaal ló fi òkúta náà ta Ọba Edward Keje lọ́rẹ lọ́dún 1907, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ogun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi gba Transvaal. Ẹ̀bùn ni wọ́n pè é, n kò sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ilẹ̀kùn. Nígbà tí Ọba bá ti jókòó sórí ìtẹ́ nínú ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, yóò rán ìránṣẹ́ kan lọ pe àwọn aṣojú aráàlú. Black Rod ni wọ́n ń pe ìránṣẹ́ náà, nítorí ọ̀pá dúdú ọwọ́ rẹ̀. Sarah Clarke ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ oyè náà, lọ́dún 2018. Black Rod yóò rọra rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà já, yóò la gbọ̀ngàn àárín kọjá, gbogbo ojú yóò sì wà lára rẹ̀. Nígbà tó bá ku ìṣísẹ̀ díẹ̀ kó dé ẹnu ọ̀nà ilé Commons, aṣọ́nà yóò gbá ilẹ̀kùn onígi ńlá náà mọ́ ọn lójú. Kò ní bínú, kò sì ní yíjú padà. Yóò fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, wọn yóò yọjú wò ó láti inú, bí ẹni pé wọn kò mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, kí wọ́n tó ṣí i fún un. Ìgbà náà ni yóò tó wọlé, tí yóò tẹrí ba fún abẹnugan, tí yóò sì jíṣẹ́ tí Ọba rán an.

Ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1642 ni ilẹ̀kùn yìí ti gba ìtumọ̀. Lọ́jọ́ náà, Ọba Charles Kìíní kó ọmọ ogun wá sí ilé Commons láti mú aṣòfin márùn-ún: John Pym, John Hampden, Denzil Holles, Arthur Haselrig àti William Strode. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, ó lọ síbi àga abẹnugan, ó sì bi William Lenthall, tó jẹ́ abẹnugan nígbà náà, pé níbo ni àwọn èèyàn náà wà. Lenthall kúnlẹ̀, ó sì dáhùn pé òun kò ní ojú tí òun lè fi ríran, bẹ́ẹ̀ ni òun kò ní ahọ́n tí òun lè fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àyàfi bí ilé tí òun jẹ́ ìránṣẹ́ fún bá ṣe pàṣẹ. Orúnkún rẹ̀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúnlẹ̀. Àwọn márààrún ti gba ojú odò sá lọ, Ọba wo yíká, ó ní òun rí i pé àwọn ẹyẹ ti fò lọ, ó sì jáde lọ́wọ́ òfo. Ọdún yẹn náà ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1649, wọ́n bẹ́ Ọba lórí níwájú Banqueting House ní Whitehall. Bí kẹ̀kẹ́ ẹṣin Ọba òní bá jáde láti abẹ́ ẹnu ọ̀nà Horse Guards lójú ọ̀nà Westminster, ilé yẹn gan-an ló máa ń kọjú sí. Láti ọjọ́ tí Charles wọlé yẹn, kò tún sí ọba tó wọ ilé Commons nígbà tí àwọn aṣòfin bá wà lórí ìjókòó.

Nígbà tí wọ́n bá jẹ́ ìpè náà, àwọn aṣojú kì í sáré. Méjì méjì ni wọ́n ń rìn, olórí ìjọba àti olórí ẹgbẹ́ alátakò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn yóò máa tàkúrọ̀sọ, wọn yóò máa rẹ́rìn-ín, kí ó lè hàn pé kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Dennis Skinner, tó ṣojú Bolsover láti ọdún 1970 sí 2019, tún fi tirẹ̀ kún un: ọ̀pọ̀ ọdún ló fi máa ń ju àwàdà lu Black Rod kí wọ́n tó dìde. Lọ́dún 2006 ó béèrè bóyá wọ́n ti ní kí Helen Mirren, òṣèré tó ṣe Queen nínú fíìmù, wà ní sẹpẹ́. Nígbà mìíràn ó ní kí wọ́n sọ fún Queen kó san owó orí. Kò sẹ́ni tó mú un.

Ọ̀rọ̀ tí Ọba ń kà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọba. Àwọn mínísítà ló kọ ọ́, tí Ọba bá sì ka pé ìjọba òun yóò ṣe báyìí báyìí, ohùn kan náà ló fi ń kà á, yálà ó fẹ́ràn rẹ̀ tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn èèyàn ṣe máa ń wá ìtumọ̀ sí nǹkan mìíràn. Lọ́dún 2017, tí Queen wá láìdé adé, fìlà búlúù tó ní òdòdó aláwọ̀ yẹ́lò ló dé, lójú ẹsẹ̀ sì ni wọ́n ti ń sọ pé àsíá Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ìjọba rẹ̀ ń múra láti kúrò nínú rẹ̀, ló jọ. Lọ́dún 2022 ara rẹ̀ kò gbé e láti wá, Charles tó jẹ́ àrólé nígbà náà ló ka ọ̀rọ̀ náà, adé sì wà lórí tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí n fi kún un pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló gbó tó bí wọ́n ṣe ń polongo. Iná jó èyí tó pọ̀ jù nínú ààfin Westminster ní oṣù Kẹwàá ọdún 1834, bí ayẹyẹ náà ṣe ń lọ nínú ilé tuntun sì ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1852, nígbà ayé Queen Victoria.

Àwa náà jẹ nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1960, Princess Alexandra ló ka irú ọ̀rọ̀ yìí l'Ékòó lórúkọ Queen, nígbà tí ìgbìmọ̀ aṣòfin Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira jókòó. Ìjọba ológun àti ètò ààrẹ ti gbá èyí tó pọ̀ jù dànù, ṣùgbọ́n ọ̀pá àṣẹ tó wà níwájú abẹnugan kò lọ. Àwọn jàǹdùkú tó wọ ilé ìgbìmọ̀ àgbà l'Ábùjá ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2018 mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ọ̀pá náà ni wọ́n gbé sá lọ.

Lẹ́yìn tí Ọba bá ti lọ, àwọn aṣojú yóò padà sí ilé wọn, wọn kò sì ní kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí Ọba kà. Àbá òfin kan tí wọ́n ń pè ní Outlawries Bill ni akọ̀wé yóò kọ́kọ́ ka àkọlé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa jiyàn lórí rẹ̀, kò sì ní lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kàn ń kà á láti fi hàn pé àwọn lè ṣe iṣẹ́ tiwọn kí àwọn tó dá Ọba lóhùn ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àríyànjiyàn gidi yóò bẹ̀rẹ̀, fún bí ọjọ́ mélòó kan, tí ìbò yóò sì kẹ́yìn rẹ̀. Ìbò náà kì í ṣe eré o. Ní oṣù Kìíní ọdún 1924, ìjọba Stanley Baldwin fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Ramsay MacDonald sì di olórí ìjọba àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Lábọ̀ ní.