Kí Ẹ Tó So Ọkọ̀ Omi Mọ́ Ìdí 4Runner Tòkunbọ̀

Ohun tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Ṣé ẹ́ńjìnnì yìí á lè fà á?" Á fà á. Jíìpù Toyota 4Runner V6 oní-lítà 4.0 tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2009, ìwé rẹ̀ gbà á láàyè láti fa 5,000 pọ́n-ùn, ìyẹn bíi 2,270 kg. Ọkọ̀ fáíbà ẹsẹ̀ bàtà 17 tó ní ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 nídìí, pẹ̀lú trailer tó gbé e, kẹ́ẹ̀gì epo méjì, ìdákọ̀ró àti láífù-jákẹ́ẹ̀tì, kì í sábà ju 900 kg lọ. (Trailer tí mò ń wí yìí kì í ṣe tírélà tó ń kó símẹ́ńtì o, èyí tí a fi ń gbé ọkọ̀ omi ni.) Fífà kọ́ ni ìṣòro. Ooru inú gíà, bíréèkì, àti irin tó so méjèèjì pọ̀ ni ẹ máa náwó lé lórí.

Abẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ máa gbá ṣaṣí láti táyà ẹ̀yìn lọ dé bọ́ńpà, pàápàá òkè ibi tí sípíà táyà máa ń wà. Irin tó ṣì dára máa ń dún bí agogo. Èyí tó ti dógùn-ún nínú máa ń dún bí ìgbà tí ènìyàn gbá páálí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó bá ti ìpínlẹ̀ olótùútù ní Amẹ́ríkà wá ni iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ti jẹ. Bí ẹ bá sì rí ọ̀dà dúdú tuntun kínníkínní lábẹ́ ọkọ̀ ọdún 2005, ẹ fi òòlù bi í léèrè ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Ṣaṣí tó bá ti jẹ, ẹ má so nǹkan kan mọ́ ọn, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùn tó.

Ó wá kan gíà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ọ́ìlì gíà máa ń gba inú rédíétọ̀ kọjá kó lè tutù, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló sì là á kúrò lára omi ẹ́ńjìnnì. Bí irin yẹn bá lu, omi á wọ ọ́ìlì, ọ́ìlì á wọ omi, àwọ̀ àwọn méjèèjì á wá dà bí ògì bàbà. Gíà tó bá ti mu omi kì í pẹ́ kó tó kú, torí pé omi á tú gọ́ọ̀mù tó di páálí kílọ́ọ̀ṣì mú mọ́ ara irin rẹ̀. Àwọn 4Runner àtijọ́ máa ń ṣe é. Nissan Pathfinder 2005 sí 2010 tiẹ̀ lókìkí fún un. Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ fi ìka nu abẹ́ ìdérí náà. Bí ẹ bá rí ògì bàbà níbẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Bí kò bá tíì sí nǹkan kan, ẹ má dúró dè é. Ẹ ra kúlà gíà (rédíétọ̀ kékeré tí ọ́ìlì gíà nìkan ń gbà kọjá) tó fẹ̀ tó bíi 28 sí 19 sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbé e sí iwájú kọ̀ńdẹ́ńsà AC. Lọ́dọ̀ wa níbí tí òtútù kì í mú gíà, ẹ lè yọ gíà kúrò nínú rédíétọ̀ pátápátá kó jẹ́ kúlà tuntun nìkan ni yóò máa lò. Ìyẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Hóòsì tó yẹ ni èyí tí wọ́n kọ "transmission oil" sí lára. Hóòsì epo bẹntiróòlù á gbó nínú ooru ọ́ìlì, á sì bẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi okùn ike gba àárín kọ̀ńdẹ́ńsà láti fi so kúlà náà rọ̀: jìgìjìgì ojú ọ̀nà á mú kí okùn náà máa yún ún títí gáàsì AC á fi jò tán. Irin pẹlẹbẹ méjì àti bóòtì mẹ́rin ló dáa.

Gíà onípele 5 tó wà nínú V6 láti 2005 kò ní irin tí a fi ń wo ọ́ìlì. Ọ́ìlì Toyota ATF WS ló ń lò. Bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, nǹkan bíi lítà 3 péré ló máa jáde, ìyókù ṣì wà nínú tọ́kì (torque converter, tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà). Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ wakọ̀ díẹ̀ láàárín ọ̀kan sí èkejì. Iye tó bá jáde ni kí ẹ dá padà, pẹ̀lú èyí tí kúlà tuntun mu. Lójú ọ̀nà, bí trailer bá ti wà lẹ́yìn, ẹ fa gíà sí 4 dípò D, kó má baà máa wọ 5, máa jáde lórí gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bó ṣe ń wọlé jáde yẹn ló ń mú ooru wá.

Lórí omi ẹ́ńjìnnì, ẹ wò ó bóyá mẹkáníìkì kan ti yọ tẹmọ́sítáàtì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń darí omi ẹ́ńjìnnì) sọnù kí ọkọ̀ "má baà gbóná." Ọkọ̀ tí kò ní tẹmọ́sítáàtì á máa rò pé òun ò tíì gbóná, á máa mu epo bí ọ̀mùtí. Ẹ dá a padà, ẹ fi kúlááǹtì sí i dípò omi ẹ̀rọ. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì tó gbóná, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí fáànù rẹ̀: bó bá yí lọ fúnra rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, fáànù kílọ́ọ̀ṣì ti rẹ̀.

Bọ́ńpà ẹ̀yìn 4Runner, ike ni. Wẹ́dà tó bá ní òun á jó bọ́ọ̀lù (irin róbótó tí ẹnu trailer máa ń jókòó lé) mọ́ irin tó wà nínú rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Irin ìfà tó ní ẹnu íńṣì 2 ni ẹ fẹ́, èyí tí a ń fi bóòtì dè mọ́ ṣaṣí fúnra rẹ̀, tí orí bóòtì rẹ̀ sì ka 8.8 tàbí 10.9, ìyẹn nọ́ńbà agbára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ibẹ̀ náà ní ìdíwọ̀n, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí orí rẹ̀. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ íńṣì 2, ìyẹn 50.8 mm, ti Ìlú Ọba jẹ́ 50 mm. Ẹnu trailer Ìlú Ọba lè má pa dé dáadáa lórí íńṣì 2. Èyí tó léwu jù ni 1⅞: ó jọ íńṣì 2 lójú, ṣùgbọ́n kòtò àkọ́kọ́ ló máa já trailer kúrò lórí rẹ̀. Ṣéènì méjì gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n sì dábùú ara wọn lábẹ́ ẹnu trailer, kó lè já lé wọn bó bá yọ.

Iná náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Wáyà kan náà ni Amẹ́ríkà fi ń gbé iná bíréèkì àti tíráfíkétọ̀ lọ sí trailer. Ti Ìlú Ọba, pupa ni bíréèkì nìkan, yẹ́lò jẹ́ tíráfíkétọ̀ òsì, gíríìnì jẹ́ ti ọ̀tún, funfun ni ẹ́ẹ̀tì. Bí ríwáyà bá kàn so àwọ̀ mọ́ àwọ̀, iná bíréèkì á sọnù. Kọ̀ńfátà (àpótí kékeré tó ń mú ọ̀nà wáyà méjèèjì bára mu) ló wà fún un. Bí ẹ bá sì tẹ bíréèkì tí iná mìíràn ń tàn wúyẹ́wúyẹ́, wáyà funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bọ́ọ̀lù tó kún fún gíríìsì kò lè ṣe ẹ́ẹ̀tì.

Pádì tuntun kò tó fún bíréèkì. Písítọ̀nù kálípà iwájú ọkọ̀ yìí máa ń gan, kí ẹ tú u wò, kí ẹ sì fa fúlúùdù àtijọ́ dànù. Ní Ìlú Ọba, trailer tí kò ní bíréèkì tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 750 kg lọ. Àwa náà lè fi ṣe òṣùwọ̀n: 900 kg yẹn nílò bíréèkì tirẹ̀.

Wàyí o, ìwúwo orí bọ́ọ̀lù. Ó yẹ kó jẹ́ 10 sí 15 nínú 100 gbogbo ẹrù, ìyẹn 90 sí 135 kg fún ti wa yìí. Ẹ gbé trailer sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ ti táyà rẹ̀ pẹ̀lú òkúta, ẹ gbé ìwọ̀n tí a fi ń wọn ara sí abẹ́ ẹnu rẹ̀, kí igi kan dúró lórí ìwọ̀n náà títí ẹnu trailer á fi wà níbi gíga tí bọ́ọ̀lù máa wà. Bó bá ka 40, ìdí ti wúwo jù, trailer yóò sì máa ju ìrù bí ẹ bá ti sáré. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì epo síwájú, tàbí kí ẹ ti ọkọ̀ omi síwájú lórí trailer, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù lójú ọ̀nà, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, ẹ di ìdarí mú ṣinṣin. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ ló ń dojú dé.

Táyà trailer kì í gbó, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àkọlé DOT tó wà lára táyà: 2317 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2017, ẹ pa á tì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan họ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ dáa. Bí kò bá ṣe é dìmú, bíárìn ti gbẹ tàbí wọ́n ti dè é le jù.

Bí ẹ bá dé etí ọ̀sà, ẹ má tì í wọ omi lójú ẹsẹ̀. Họ́ọ̀bù tó gbóná tí ẹ rì bọ omi tútù yóò fa omi wọ inú bíárìn. Bákan náà ni dífà ẹ̀yìn jíìpù (gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì): ẹ̀mí ló ń gbà níbi ihò kékeré kan lókè rẹ̀, bí ihò náà bá rì, ọ́ìlì inú rẹ̀ á funfun bí ògì. Ẹ fi hóòsì fa ihò yẹn lọ sókè sí abẹ́ bọ́ńpà. Ẹ dúró bíi 15 ìṣẹ́jú, ẹ yọ wáyà iná, ẹ dí ihò ìdí ọkọ̀ omi, lẹ́yìn náà ẹ wọ L4 (ipò tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń fà, tó lọ́ra ṣùgbọ́n tó lágbára). Lórí yanrìn, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ táyà jíìpù wá sí 20 psi, kí ẹ sì gbé pọ́ńpù lọ́wọ́ tí ẹ ó fi dá a padà.

Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ tún ṣí ihò ìdí ọkọ̀ omi kí ẹ tó gun títì. Lítà kan omi, kg kan ni: 100 lítà tó bá kóra jọ sí ìdí á sọ gbogbo ohun tí ẹ fi ìwọ̀n wọ̀n láàárọ̀ di irọ́.