Títú Integer sí int nínú Java: ẹ̀kọ, ewé àti null

Nínú Java, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, int jẹ́ nọ́ńbà lásán. Integer ni nọ́ńbà kan náà tí a fi ewé dì bí ẹ̀kọ. Map (àkójọ tó ń so orúkọ mọ́ iye) àti List (àkójọ tó tò tẹ̀léra) kì í gba ẹ̀kọ tí kò léwé, ìdí nìyẹn tí Integer fi kún inú kóòdù. Láti Java 5, tó jáde ní 2004, kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ohun tó ń túmọ̀ kóòdù wa fún ẹ̀rọ, ló ń bá wa tú u: o kọ int k = x; òun á fi x.intValue() síbẹ̀ láìsọ fún ẹ. Ṣùgbọ́n Integer lè jẹ́ null, kó má sí ẹ̀kọ, kó má sí ewé pàápàá. Int kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ láé.

Ká ní ètò ìyá kan tó ń ta oúnjẹ oníhóró ní Ọjà Wuse lò ń kọ, tí iye àpò tó kù sì wà nínú Map<String, Integer> apo:

int ku = apo.get("oka");

Bí ọkà ò bá sí níbẹ̀, get á dá null padà, NullPointerException, àṣìṣe tó ń jáde bí a bá fẹ́ lo null bí ohun gidi, á jáde. Ojú ò rí intValue lórí ìlà yẹn, nítorí náà ọ̀pọ̀ á máa fura sí apo. Apo ò ṣe nǹkan kan. Láti Java 15, àlàyé àṣìṣe náà máa ń dárúkọ Integer.intValue() fúnra rẹ̀. Ẹ máa kà á dópin.

int ku = apo.getOrDefault("oka", 0);

Èyí dára, àfi bí ẹnì kan bá ti fi null sábẹ́ "oka" nínú HashMap, irú Map kan: null náà ni wàá tún gbà. Bí «ó ti tán» bá sì yàtọ̀ sí «a kì í tà á», 0 á parọ́ fún ìyá. containsKey, tó ń sọ bóyá orúkọ kan wà nínú Map, ni kó o kọ́kọ́ bi.

Èyí tó burú jù rèé:

Integer iye = tiTan ? 0 : apo.get("oka");

Ìlà yìí ní kó mú 0 bí tiTan bá jẹ́ true, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó mú èyí tó wà nínú apo. Integer ni iye, àbí? Ṣùgbọ́n int ni 0, torí náà Java á tú èyí tó wá láti apo ná, kó tó tún un dì. Bí ó bá bá null pàdé, ó ti bú. Fi Integer.valueOf(0) rọ́pò 0.

Láàárín Integer méjì, == ń fi ewé wé ewé ni. Java ń tọ́jú ewé -128 sí 127 pamọ́, nítorí náà 100 == 100 á jẹ́ true, 200 == 200 á sì di false. Gbogbo ìdánwò á yege títí di ọjọ́ tí tírélà bá já 200 àpò láti Kano. equals, tó ń fi ẹ̀kọ wé ẹ̀kọ, ni kó o lò.

Tó o bá ń ṣírò àpapọ̀ nínú loop, ìyẹn kóòdù tó ń yí po, Long apapo (Long ni long, nọ́ńbà tó gbà ju int lọ, tí a fi ewé dì) á máa di ewé tuntun ní gbogbo ìyípo. A máa ń dárí ji ewé lóòótọ́ bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán, ṣùgbọ́n garbage collector, agbálẹ̀ Java tó ń kó ohun tí a ò lò mọ́ kúrò, ló máa gbá mílíọ̀nù kan rẹ̀ nílẹ̀. Kọ long, l kékeré.