Fóònù Kò Mọ̀ Pé Àpáta Wà ní Ṣábẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé kámẹ́rà jáde lálẹ́ bíi tèmi mọ̀ pé kí a tó kúrò nílé ni áàpù ti máa ń sọ ìgbà tí òṣùpá yóò yọ àti ibi tí yóò ti yọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe múra de alẹ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, tí òjìji ayé bo òṣùpá mọ́lẹ̀, tí òṣùpá fi pọ́n. Lọ́dọ̀ wa ní orílẹ̀-èdè Benin, ó ti pọ́n kí ó tó yọ, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí di aago 7:52 alẹ́. Mo wọ ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́ lọ sí Ṣábẹ̀ nítorí àwọn òkè ibẹ̀: àpáta dúdú nísàlẹ̀, òṣùpá pupa lókè.

Áàpù fa ìlà láti ibi tí mo dúró sí lọ sí ìlà-oòrùn, ìlà náà gba orí àpáta kọjá, mo sì gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà kalẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ ṣú. Nínú fóònù, òṣùpá kékeré kan ti kúrò nílẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Níwájú mi, àpáta nìkan ni mo ń rí. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé láti apá kejì òkè: "Ó ti pọ́n! Ó ti pọ́n!" Àbúrò mi pè mí láti Kétu: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń wò ó? Ó pọ́n bí epo." Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Mo fẹ́ yí òkè náà po, ṣùgbọ́n zémíjàn, ọ̀kadà tó gbé mi wá, ti lọ. Nígbà tí òṣùpá fi máa yọrí lẹ́yìn àpáta, etí rẹ̀ kan ti ń funfun.

Ní alẹ́ mìíràn tí òṣùpá kò sí lójú ọ̀run, mo padà lọ ya ìràwọ̀, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kọ́ ni mo bá lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé áàpù tí mo lò ka gbogbo ilẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ na apá yín tán, kí ẹ di ìkúùkù, kí ẹ gbé e ka ìsàlẹ̀ òfuurufú: ìkúùkù kan tó nǹkan bíi digíríì 10. Níwọ̀n bí òṣùpá ti ń gòkè lóòró ní agbègbè wa, nǹkan bíi digíríì 15 ní wákàtí kan, òkè tó ga tó ìkúùkù kan àtààbọ̀ yóò gba odidi wákàtí kan lọ́wọ́ yín. Igi ńlá inú Ọgbà Ewéko ní Àjàṣẹ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. (Àwọn kan ní àwọn baba wa kò lo áàpù. Àwọn baba wa kò wọ ọkọ̀ wá ya àwòrán ní ìlú onílùú.)

Ẹ tún wo aago: ojú ìwé tí a kọ fún àwọn ará Faransé máa ń fi wákàtí kan ṣíwájú tiwa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Kí ẹ sì gba máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílùú, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì lè má sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n máàpù pàápàá kò ní sọ fún yín bí àpáta ṣe ga tó lójú yín. Ìkúùkù ni kí ẹ lò.

Ní ìdájí 28 oṣù kẹjọ ọdún 2026, òjìji ayé yóò tún bo èyí tó pọ̀ jù nínú òṣùpá, yóò sì bò ó jù lọ ní nǹkan bíi aago 5:13 tiwa. Ìwọ̀-oòrùn ni yóò wà lọ́tẹ̀ yìí, nítorí náà ẹni tí òkè bá wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni kí ó tètè wọn ọ́n.