Nígbà tí abo ẹṣin kúkurú bá fẹ́ bímọ

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ AMHA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ẹṣin kúkurú, kì í gba ẹṣin tó bá ga ju íǹṣì 34 lọ. Ibi tí irun ọrùn parí sí lẹ́yìn ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n gíga kọ́ ló ń dẹ́rù bani lóko, ìbímọ ni. Orí ọmọ lè tóbi ju ọ̀nà tí yóò gbà jáde lọ, nítorí náà ẹ má fi aboyún tó sún mọ́ ìbí sílẹ̀ lóru.

Oyún máa ń tó nǹkan bí oṣù 11. Bí nǹkan bí ìda oyin bá gbẹ mọ́ orí ọmú, ẹ múra. Tí omi bá ti já, ọmọ gbọ́dọ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú 30: ẹsẹ̀ iwájú méjì, ọ̀kan ṣáájú ìkejì díẹ̀, kí imú tẹ̀ lé e. Àpò funfun ló yẹ kí ẹ rí. Tó bá pupa bí aṣọ àrán, ibi ọmọ ti já ṣáájú ọmọ fúnra rẹ̀, atẹ́gùn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì là á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ máa fa ọmọ bí ìyá ṣe ń rọbí. Kí ẹlòmíràn pe dókítà ẹranko.

Kí ọmọ dìde láàárín wákàtí 1, kó mu ọmú láàárín wákàtí 2. Ibi ọmọ gbọ́dọ̀ jáde kí wákàtí 3 tó pé. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó máa ń rí bíi ṣòkòtò. Bí ẹnu ẹsẹ̀ kan bá ya dànù, ó ku díẹ̀ nínú ìyá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má febi pa aboyún nítorí pé ó sanra. Bí kò bá jẹun, ọ̀rá ara rẹ̀ lè tú sínú ẹ̀jẹ̀, kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kó sì pa á.