Ẹ gba bulọ́ọ̀kù kí ẹ tó gbéra

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé aláìsàn melanoma, ìyẹn oríṣi jẹjẹrẹ awọ ara kan, káàkiri, ẹ ti mọ bí ó ṣe ń rí: dókítà awọ ara níbí, oníṣẹ́ abẹ lọ́hùn-ún, dókítà jẹjẹrẹ ní ìlú mìíràn. Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ gba bulọ́ọ̀kù, ìyẹn ẹran ara aláìsàn tí láàbù fi ìda dì.

Gìgísẹ̀ Màmá mi ni àmì dúdú náà ti yọ. A ní bàtà ló ha wọ́n. A kò mọ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná gan-an ni ó ti sábà ń mú àwa aláwọ̀ dúdú, àti pé oòrùn kọ́ ló ń fà á níbẹ̀. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni ti Bob Marley náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pa á ní 1981. Ilé ìwòsàn aládàáni kan gé e kúrò ní Iléṣà, èsì dé, ìlà kan péré: melanoma ni. Ìwé yẹn la gbé lọ sí Ìbàdàn.

Dókítà kà á, ó yí i wò bóyá nǹkan wà lẹ́yìn. Ó ní, "Mílímítà mélòó ni ó nípọn? Ṣé ojú rẹ̀ ti bẹ́? Ṣé etí ibi tí wọ́n gé mọ́? Bulọ́ọ̀kù dà?" N kò rí ọ̀kan dáhùn. A padà sí Iléṣà. Ilé ìwòsàn ní ọwọ́ láàbù ló wà. Láàbù ní àwọn ti dá a padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kan Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàbù, báńdéèjì ní ẹsẹ̀, wọ́n bi mí pé: "Ṣé ẹran ara mi ni wọ́n sọ nù?" N kò lè wo ojú wọn. Wọ́n padà rí i nínú páálí kan, iṣẹ́ abẹ kejì ti kọjá, Màmá ti ń rìn.

Bulọ́ọ̀kù ni ẹran tí wọ́n gé, tí láàbù fi ìda dì. Kí ó tó débẹ̀, inú fọ́málínì 10% ni ó ti gbọ́dọ̀ wà, kí fọ́málínì náà sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Bí wọ́n bá fi omi lásán sí i, yóò jẹrà, kò sì sí ẹni tó lè ka ẹran jíjẹrà. Ara ìda yẹn ni wọ́n ti ń ré ẹ̀fẹ́lẹ́ lé dígí, tí wọ́n fi ń wọn bí ó ṣe nípọn tó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àwọn àmì inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní S100, SOX10 àti Melan-A mọ̀ bóyá melanoma ni lóòótọ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yẹ jíìnì BRAF àti KIT wò bí ọ̀rọ̀ bá di ti oògùn. Ìwé èsì kò lè ṣe ìkankan nínú èyí. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀, kí ó bá ti ìwé mu. Ẹ má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò. Ìda ni, ooru lè yọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ kejì, bóyá ọ̀kan náà ni: ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún gé e fẹ̀ kí oníṣẹ́ abẹ àti dókítà jẹjẹrẹ tó jọ sọ̀rọ̀. Bí kò bá nípọn ju mílímítà 1 lọ, sẹ̀ǹtímítà 1 ni wọ́n ń gé yí i ká. Bí ó bá ju mílímítà 2 lọ, sẹ̀ǹtímítà 2. Bí wọ́n bá máa yẹ ẹṣẹ́, ìyẹn kókó kékeré inú ara tí jẹjẹrẹ máa ń kọ́kọ́ dé, tó wà ní ìpàdé itan àti ikùn wò, èyí tí wọ́n ń pè ní sentinel node, ìgbà kan náà ni kí wọ́n ṣe é. Bí wọ́n bá ti gé gìgísẹ̀ fẹ̀ tán, tí wọ́n sì lẹ awọ mọ́ ọn, ó ti ṣòro láti mọ ẹṣẹ́ wo ni jẹjẹrẹ ì bá kọ́kọ́ dé. Láìsí bulọ́ọ̀kù, ta ni yóò mọ bí ó ṣe nípọn tó?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń bú dókítà. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún wa. Ṣùgbọ́n fáìlì Iléṣà kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Ìbàdàn. Bí ẹ bá wà ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ì báà jẹ́ ní Ifẹ̀ tàbí ní Wesley Guild ní Iléṣà, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ dókítà kan ṣoṣo sínú lẹ́tà, ẹni tí gbogbo èsì yóò máa padà sí. Ẹ gba CD síkáànù pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

Nọ́ńbà bulọ́ọ̀kù Màmá wà nínú fóònù mi, ó wà lẹ́yìn káàdì ilé ìwòsàn wọn, àbúrò mi ní Ifẹ̀ náà sì ti kọ ọ́ sílẹ̀.