Asọ̀rọ̀mágbèsì tó wá ń gba èsì

Àpótí igi kékeré kan wà lára ògiri pálọ̀ bàbá àgbà mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó tó di pé wọ́n bí mi ló ti dákẹ́, aláǹgbá ló kù tó ń gbé inú ẹ̀. Nǹkan yíyí kan ṣoṣo ló wà níwájú ẹ̀. Ẹ yí i sápá ọ̀tún, ohùn á ròkè, ẹ yí i sósì, á wálẹ̀, ó tán. Kò sí pé ẹ fẹ́ wá stéṣọ̀n míì, stéṣọ̀n wo? Rédífúṣọ̀n nìyẹn o, rédíò ayé àtijọ́. Wáyà ni wọ́n ń fà láti stéṣọ̀n wá sórí òpó, látorí òpó wọ inú ilé, ẹ ó sì máa san owó ẹ̀ lóṣooṣù, ohun tí wọ́n bá gbà láti London àti ìwọ̀nba tí àwọn tibí bá fi kún un lẹ ó gbọ́. Èkó ló kọ́kọ́ rí i ní 1935, ó kan Ìbàdàn ní 1939, lẹ́yìn ẹ̀ ni Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú-Òde tiwa náà wá rí tiwọn. Bàbá àgbà ní nírọ̀lẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn kì í gbèrò lójú fèrèsé àwọn, gbogbo àwọn tó lówó lọ́wọ́ tí wọn ò fẹ́ san tiwọn ni (ẹ má bínú, Ìjẹ̀bú lèmi náà, mo lè sọ ọ́).

Orúkọ tí àwọn àgbà fún un ló máa ń dùn mọ́ mi jù, asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń bá ẹ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó o bá fọ̀ sí i, ara ògiri lo fọ̀ ọ́ sí. Kódà ìlù tí wọ́n fi ń ṣí stéṣọ̀n Ìbàdàn láyé ọjọ́un, ìbéèrè làwọn èèyàn ní ó ń béèrè, «b'Olúbàdàn bá kú, ta ni ó j'oyè?», ta ló fẹ́ dá a lóhùn?

Ọmọ Rẹ́mọ kan wà tí ọ̀rọ̀ àìgbèsì yìí dùn ju bó ṣe dun ẹnikẹ́ni lọ. Ní 1953, nígbà tí ìjà òmìnira gbóná, Macpherson, gómìnà àwọn òyìnbó, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sọ̀rọ̀ sí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, olórí ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n fún òun náà láyè kí òun fèsì, wọ́n ní rárá. Awólọ́wọ̀ ò jà. Nígbà tí òfin 1954 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan láyè láti ní ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiẹ̀, wọ́n lọ fi ọwọ́ kọ́wọ́ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Rediffusion ti òkè òkun, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV ti ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti ń tàn ní Ìbàdàn, rédíò WNBS náà sì tẹ̀ lé e. Mo rò pé nínú gbogbo èsì tí wọ́n fi ń dáhùn ìwọ̀sí, ìyẹn ló wọ́n jù.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni Ìbàdàn wà. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, Abẹ́òkúta ni OGBC, rédíò ìjọba ìpínlẹ̀, fìdí kalẹ̀ sí. Kò burú, a ń gbọ́ ọ, bàbá mi máa ń sá bátìrì sí oòrùn lórí páànù kó lè tún ta jí kí ìròyìn alẹ́ tó dé, àmọ́ ẹ sọ fún mi, ta ló máa sọ lórí ẹ̀ pé ewúrẹ́ sọnù ní Ìmọ̀wò, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí?

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣe wá. Nígbà tí ìyá màmá mi kú, bàbá mi kọ ìkéde sórí ìwé, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n sanwó kíkà ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìpara-Rẹ́mọ ni ìnáwó. Ìperu ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kà. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta! A jókòó sídìí rédíò, màmá mi ń pariwo «Ìpara ni! Ìpara!» sójú ẹ̀ bí ẹni pé ó gbọ́, fóònù ò sì sí nígbà yẹn. Lọ́jọ́ ìnáwó, àwọn ẹgbẹ́ ìyá àgbà wọ aṣọ ẹbí lọ sí Ìperu, wọ́n bá òkú àgbà ẹlòmíì níbẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n jẹun, wọ́n jó. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ náwó fún ọmọ olóòkú ni wọ́n rí i pé àwọn ò mọ ojú ẹ̀ rí.

Òfin 1992 ló jẹ́ kí aládàáni lè dá rédíò sílẹ̀, kó tó dìgbà yẹn ìjọba nìkan ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kàn wá, àmọ́ ní báyìí Eagle FM 102.5 wà ní Ilese, Hope FM 89.1 ti Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn. FM kì í kúkú rìn jìnnà, òkè á dí i, ìrìn wákàtí kan nínú mọ́tò ó ti ń ṣe ṣìì-ṣìì, ohun tó sì jẹ́ kó dáa lójú tèmi nìyẹn, torí ẹni tí ò lè sọ̀rọ̀ dé Sókótó, ọ̀rọ̀ ìtòsí ló máa sọ: ọ̀nà tó bàjẹ́, owó gàrí, ibi tí mọ́tò ò ti ní lè kọjá lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ wọn ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì lójoojúmọ́, òun ni mo fi ń dárí ji ìpolówó àgbo jẹ̀dí tí kì í tán.

Àwọn tó ń pè wọlé ni mò ń gbọ́ ní tèmi. Àwọn ìyá tí ahọ́n wọn ṣì jẹ́ Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, tí wọ́n ń fi «u» bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin ń fi «i» bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń nà wá fún ní skúùlù.

Màmá mi wà lára wọn. Àárọ̀ Túsìdeè tó kọjá, wọ́n ra káàdì igba náírà, wọ́n pè títí ó wọlé, gọ́tà ojúlé wa ni wọ́n fẹ́ sọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, «Màmá, ẹ kú àárọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yí rédíò yín wálẹ̀, ohùn yín ń padà wọlé.» Màmá ní àwọn ti yí i. Wọn ò yí i o. Mo jókòó tì wọ́n, ọwọ́ wọn ń bẹ lára ẹ̀, wọ́n tún yí i sókè díẹ̀ sí i.