Ẹ Má Tíì Ra Káàdì, Ẹ Wo Kámẹ́rà Yín Ná

Ẹni tó bá pè mí pé kí n bá òun yan graphics card (káàdì inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán, GPU ni wọ́n tún ń pè é) tí òun á fi máa ẹ́díìtì fídíò 4K, ohun méjì ni mo máa ń bi í: kámẹ́rà wo lò ń lò, ibo lo sì ti sábà ń ya fídíò? Inú ọ̀pọ̀ wọn kì í dùn sí i. Orúkọ káàdì àti iye owó ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

Àbúrò mi kan tó ń ya fídíò ìgbéyàwó l'Óṣogbo ló pè lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́. "Ẹ̀gbọ́n, mo rí RTX 4060 ní Computer Village. 3060 tẹ́ ẹ̀ ń lò yẹn, ṣé kò ti gbó ni?" Òótọ́ ni, káàdì NVIDIA ni méjèèjì, 2021 ni 3060 jáde, 4060 dé ní 2023. Ká ní géèmù ló fẹ́ máa gbá, mi ò ní bá a jiyàn. Àmọ́ 8GB ni mẹ́mọ́rì 4060, tèmi jẹ́ 12GB. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Fírémù 4K kan jẹ́ 3840 lọ́nà 2160, ẹyọ àwọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ nìyẹn. Bí DaVinci Resolve, ètò tá a fi ń ẹ́díìtì fídíò, ṣe máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, fírémù kan ṣoṣo lè gbà tó 130MB. Ó wá di alẹ́ ìgbéyàwó: wọ́n ti pa iná gbọ̀ngàn, DJ ń tan iná pupa àti búlúù, ìyàwó ń jó wọlé, ISO, ìyẹn agbára tí kámẹ́rà fi ń ríran nínú òkùnkùn, ti gòkè dé 6400. Ẹ máa rí i tí gèlè ìyá ìyàwó á máa yọ hóró-hóró bíi pé wọ́n da gaàrí sí i. Temporal noise reduction ló ń bá wa pa á rẹ́ (inú Resolve Studio, ẹ̀dà tí wọ́n ń tà, nìkan ló wà, $295, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa san án). Ó máa ń wo fírémù tó ṣáájú àtèyí tó tẹ̀ lé e kó tó mọ èyí tó jẹ́ aṣọ àtèyí tó jẹ́ ìdọ̀tí, inú mẹ́mọ́rì sì ni gbogbo wọn máa wà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá kun àwọ̀ lé e, ẹ fi àkọlé sí i, káàdì 8GB á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ, Resolve á ní mẹ́mọ́rì GPU ti kún. Kì í ṣe pé káàdì náà ò yára o. Àyè ni ò sí.

Kámẹ́rà wá ńkọ́? Fídíò Sony A7 III, 8-bit 4:2:0 ni (bit ló ń sọ bí ìpele àwọ̀ ṣe pọ̀ tó, nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ló ń sọ bí àwọ̀ tí kámẹ́rà tọ́jú ṣe pọ̀ tó; 4:2:2 ju 4:2:0 lọ), wẹ́rẹ́ ni káàdì NVIDIA ń ṣí i. A7 IV ló ń fa wàhálà, torí ó lè ya 10-bit 4:2:2. Ìyẹn ni àbúrò mi ń lò. 3060 o, 4060 o, títí dórí 4090 tówó ẹ̀ ju ti ọ̀kadà lọ, kò sí èyí tí ẹ̀rọ tó ń tú fídíò nínú ẹ̀ lè tú 4:2:2. Orí RTX 50 tó jáde ní 2025 ni NVIDIA ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí. Processor Intel ló ń gba ọ̀pọ̀ nínú wa sílẹ̀: láti ìran 11, Quick Sync, ẹ̀rọ tó ń tú fídíò nínú gíráfíìsì ẹ̀, ń tú HEVC 4:2:2 láìlàágùn (HEVC, tàbí H.265, àti H.264 jẹ́ ọ̀nà tí kámẹ́rà ń gbà fún fídíò pọ̀). HEVC ni mo wí o, kì í ṣe H.264. Bí lẹ́tà F bá sì wà lẹ́yìn orúkọ processor yín, ẹ má wulẹ̀ wá Quick Sync níbẹ̀, kò ní gíráfíìsì tiẹ̀. Mo ní kí àbúrò mi ka ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ẹ̀ sí mi létí. i5-12400F.

Mo ní kó yí kámẹ́rà ẹ̀ sí XAVC HS (orúkọ tí Sony ń pe HEVC tiẹ̀), 4:2:0 10-bit. Káàdì á tú ìyẹn, àwọ̀ ẹ̀ á sì ṣì ṣe é tò dáadáa. Èyí tó ti yà tẹ́lẹ̀, kó ṣe proxy fún un, ìyẹn ẹ̀dà tó fúyẹ́ tó máa fi ẹ́díìtì.

Níbi tí 4060 ti fẹ̀yìn tèmi gbálẹ̀ ni iná: 115W ló ń jẹ, 3060 ń jẹ 170W. Ẹni tó bá ń fi ínfátà ṣiṣẹ́ látàárọ̀ á rí ìyàtọ̀ ẹ̀ lára bátìrì. Èmi máa ń dúró dìgbà tí wọ́n bá múná wá kí n tó ṣe export.

Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú 3060 tó wà lọ́jà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti fi wa Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, rí kí ìyẹn tó dópin ní September 2022. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á kì í sínú ẹ̀rọ lójú yín, kẹ́ ẹ ṣí GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó jẹ́ gan-an. Tẹ́ ẹ bá rí FAKE níwájú orúkọ ẹ̀, ẹ kí i pó dàbọ̀. Ẹ wo mẹ́mọ́rì ẹ̀ náà, torí 3060 kan wà tó jẹ́ 8GB, páálí ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fídíò 4K tiyín dání nínú fláàṣì, kẹ́ ẹ fi dán an wò títí fáànù ẹ̀ á fi máa pariwo. Ẹni tó bá ní kò síná láti fi dán an wò, ẹ ní ẹ ò kánjú, ẹ máa dúró.

Àbúrò mi ra 3060 12GB. Ó ti fẹ́ kì í bọnú ẹ̀rọ kí n tó béèrè power supply ẹ̀, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà: 350W, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára ẹ̀. NVIDIA ní 550W ni kéèyàn lò. Orí tábìlì ni káàdì náà ṣì wà báyìí, ó ń dúró de owó ìgbéyàwó Sátidé.